Ọmọ tí a Fi Pààrọ̀ Ẹṣin: Lẹ́tà Àjàyí Crowther ti Ọdún 1837 àti Àròkọ Ìrírí Ẹni

Nínú gbogbo àròkọ tí a máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kọ, láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni àgbà, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó wọ́pọ̀ tó èyí tí ó ní kí ènìyàn kọ nípa ọjọ́ kan tí kò lè gbàgbé láéláé, tàbí nípa ohun kan tí ojú rẹ̀ ti rí rí. Orí-ọ̀rọ̀ náà dàbí ẹni pé ó rọrùn. Kò béèrè ìwádìí, kò béèrè ìwé kíkà. Inú akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ohun tí ó ń béèrè wà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti yẹ irú àròkọ bẹ́ẹ̀ wò rí yóò jẹ́rìí sí i pé òun ni ó sábà máa ń kú jù lọ lórí ìwé. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́. Ogún yóò fi ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu bẹ̀rẹ̀. Ogún yóò fi ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ wọn parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an yóò sì sọnù sí àárín.

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bénúé ti pàdé, àpẹẹrẹ kan wà nítòsí tí ó yẹ kí a fi wo ọ̀ràn yìí. Orúkọ Samuel Àjàyí Crowther kò ṣàjèjì sí ìlú náà. Ó wà nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ ìrìn-àjò ọdún 1841 gòkè Odò Ọya dé ibi ìpàdé odò méjèèjì. Ó tún gba ibẹ̀ kọjá ní 1854 àti ní 1857. Nígbà tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Lọ́kọ́ja di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1867, nígbà tí ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko dá òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson dúró ní ìgbèkùn ní apá Ìdàh, láti Lọ́kọ́ja ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, W. Fell, ti lọ gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà sì pa Fell nínú ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bá kọjá ní àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity lónìí yóò rí àwọn ọ̀pá irin tí a ń pè ní irin òmìnira, tí a fi ń rántí ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ Crowther bíṣọ́ọ̀bù, Crowther atúmọ̀ Bíbélì, Crowther onígírámà. Crowther tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kì í sábà kà, bóyá nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, tí ó sì dàbí ẹni pé ẹrù Ẹ̀ka Ìtàn ni. Àdánù ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń kọ́ àròkọ.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1837 ni Crowther, tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Fourah Bay ní Sàró nígbà náà, kọ lẹ́tà sí William Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà náà jáde nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ náà ní ọdún kan náà, a sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìrìn-àjò tí òun àti J. F. Schön kọ, tí ó jáde ní 1842. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ni ó tún un gbé jáde pẹ̀lú àlàyé nínú ìwé Africa Remembered, tí Philip Curtin ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kíláàsì wọ̀n ọ́, àròkọ onílẹ́tà ni, àròkọ asọ̀tàn sì ni pẹ̀lú. Ohun tí ó ń ròyìn ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú, nígbà tí akọ̀wé náà ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin ní Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, ohun kan wà tí òǹkàwé lè fò dá. Crowther sọ ìdí tí òun fi ń kọ̀wé: kí Jowett lè mọ bí ọwọ́ Ọlọ́run ti ṣe mú òun dé Sàró. Lẹ́yìn èyí ni ó wá tọrọ àforíjì ṣáájú, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun gùn jù ní àwọn ibì kan tí ó sì sú ẹni tí ń kà á. Ìtọrọ-àforíjì yìí ṣe pàtàkì. Ó fi hàn pé òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé ohun méjì ni òun gbé lọ́wọ́: iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́, èyí tí í ṣe ti ìgbàgbọ́, àti àwọn nǹkan kéékèèké tí kò lè ṣàì sọ bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn kò kan iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún báyìí. Iṣẹ́ ìgbàgbọ́ náà ni òǹkàwé máa ń sáré kọjá, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà. Ibi tí Crowther tọrọ àforíjì fún gan-an ni ẹ̀mí lẹ́tà náà wà.

Ẹ wo bí ó ti ròyìn òwúrọ̀ ogun náà. Kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú ọjọ́ dára, olúkúlùkù wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ láìfura, nígbà tí ìròyìn tàn káàkiri ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án pé ọ̀tá ti sún mọ́ ìlú. Lẹ́yìn náà ni ó fi ojú ọmọ onílé ka àwọn ohun tí ó jẹ́ àìlera ìlú rẹ̀: ọgbà igi ni ó yí i ká, ibodè bíi mẹ́fà ni ó ní láti ṣọ́, àwọn tí ó lè jagun nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,000 lọ, nígbà tí ó fojú dá àwọn ọ̀tá sí nǹkan bí 20,000. Àwọn ọkùnrin mìíràn kò sí nílé ní ọjọ́ náà. Ìlú dúró fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó tú. Nígbà tí ó dé orí àwọn tí ń sá, àwọn ìyá ni ó kọ́kọ́ rí: ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́fà rọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn, ẹrù wà lórí, wọ́n sì ń fi ipá la inú igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Ẹrù tirẹ̀ nínú eré náà kò ju ọrun kan àti ọfà márùn-ún nínú apó lọ. Ọrun náà sì bọ́ sọnù níbi tí ó ti ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gún, kí ó tó ronú àtifi ta ẹnikẹ́ni.

Ọfà márùn-ún. Ẹni tí ó kàn fẹ́ ṣàpèjúwe ogun kò ní ka ọfà. Ẹni tí ó gbé apó náà kọ́ èjìká ni ó mọ̀ pé márùn-ún ni. Òǹkọ̀wé tí kò bẹ̀rù òtítọ́ ìbá ti jẹ́ kí ọmọ náà ta ọ̀kan ó kéré tán, kí ìtàn lè dùn. Crowther kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ rí: bàbá náà ti ojú ìjà wá, ó sì ṣe àmì fún wọn pé kí wọ́n sá. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ rẹ̀ fi ojú kàn án nìyẹn. Gbólóhùn díẹ̀ ni Crowther fi sọ ọ́, kò sì sunkún lé e lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń rò pé kò sí àròkọ ìbànújẹ́ láìsí omijé lójú-ewé yẹ kí ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n mú un pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, àti ọmọ ẹbí wọn kan. Wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, a pín wọn. Ọmọkùnrin náà bọ́ sọ́wọ́ ìjòyè kan, ní ọjọ́ kan náà ni ìjòyè yìí sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì, ìjòyè náà fẹ́ padà sí ìlú tirẹ̀. Ẹṣin tí ó kàn gbà wò ni. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dá a padà, ó sì gba ọmọ rẹ̀. Ìlú tí ó mú un lọ, tí Crowther pè ní Dada, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré pàdé, tí wọ́n sì tún wà pọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tà á lọ pátápátá.

Nítorí pé ẹṣin kan kò dára tó ni ọmọ fi tún rí ìyá rẹ̀. Crowther kò sọ gbólóhùn yìí jáde. Ó to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹṣin lẹ́yìn ọmọ, ọmọ lẹ́yìn ẹṣin, ó sì fi òǹkàwé sílẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ rí i. Gbogbo ìwé tí àwọn òyìnbó kọ ní ìgbà náà láti bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ibì kan tí ó lè dógba pẹ̀lú èyí, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni wọ́n máa ń dúró sí. Ẹni tí a fi pààrọ̀ nìkan ni ó lè mọ̀ pé a dá ẹṣin náà padà. Bákan náà ni ibi tí ó ti sọ pé nígbà tí ìbẹ̀rù pé wọn yóò ta òun fún àwọn Pọtogí mú òun, òru mélòó kan ni òun fi ọ̀já mọ́ ọrùn láti pa ara òun, ṣùgbọ́n tí ọkàn òun kò gbà á láti fà á le. Kò sí akọni níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń ṣàánú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí omi ni ọgbọ́n ìsọ̀tàn lẹ́tà náà ti ga jù lọ. Ọkọ̀ Pọtogí tí ó kó 187 ẹrú ní Èkó kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, fi gbà á ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1822. A pín àwọn ẹrú sínú àwọn ọkọ̀, Àjàyí sì wà nínú àwọn ọmọdékùnrin mẹ́fà tí àwọn atukọ̀ mú sọ́dọ̀. Bí ó ti wọ inú ọkọ̀ náà, ó rí ẹran tí a so kọ́, tí awọ rẹ̀ funfun. Ó rí ọta àgbá tí a tò jọ, dúdú, róbótó. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ara àwọn tí a jọ kó wọn ni ó so rọ̀ yẹn, pé orí wọn ni a sì tò sílẹ̀ yìí. Ẹ̀rù kò tán títí ó fi sún mọ́ ẹran náà, tí ó fi rí pátákò ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Ní 1837, Crowther mọ̀ dájú pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó dá òun sílẹ̀. Ó ń jẹun lábẹ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà ṣáájú ojú ọmọ náà. Ó jẹ́ kí ó rí orí ènìyàn ná. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń wá nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí àròkọ ìrírí jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́ nìyí, bí wọn kò tilẹ̀ rí orúkọ fún un: kí ẹni tí ó mọ òpin ọ̀rọ̀ lè tún padà wà níbi tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kò rọrùn fún Crowther láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, a mú Pọtogí tí ó ni wọ́n wá sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí Àjàyí rò pé ọwọ́ ọkùnrin yìí kò ní tó òun mọ́, ó fi ìgboyà lọ bá a, ó sì lù ú lórí, níbi tí ó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí olùkọ́ Fourah Bay fi sáré wọlé láti sọ pé ìwà búburú ni, ìwà àìláàánú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í. Ohun tí ó gba òǹkàwé lọ́kàn ni ọmọ Pọtogí yẹn, tí ó dúró tí ó ń wo bí a ti ń lu bàbá rẹ̀. Crowther, tí ó ti rí bàbá tirẹ̀ kẹ́yìn láàrín eruku ogun, kò lè ṣàì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi rántí lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Ìbáwí kúkúrú tí ó fi lé e pa ohun tí ìrántí náà fẹ́ sọ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti òkè dé ilẹ̀ ni ìjà yìí wà nínú lẹ́tà náà, láàrín ọmọ tí ó rí nǹkan àti àgbà tí ń túmọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, nígbà tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a kó Òṣogùn, ó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ibi, lẹ́sẹ̀ kan náà ni ó ní a ti wá kọ́ òun láti pè é, ní ọ̀nà mìíràn, ní ọjọ́ ìbùkún. Òǹkàwé tí ó bá yára lè pe èyí ní àgàbàgebè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Crowther gba ohun tí ó sọ gbọ́, gbogbo ayé rẹ̀ títí di ikú rẹ̀ ní 1891 ni ó sì fi jẹ́rìí sí i. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni pé kò fi orúkọ kejì pa orúkọ àkọ́kọ́ rẹ́. Ó fi méjèèjì sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ibi tí èkejì ti wá: a kọ́ ọ ni. Àkọ́kọ́ kò ní olùkọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí àgbà máa túmọ̀, pé àṣà Yorùbá ni kí ìtàn ní ẹ̀kọ́, àti pé àlọ́ Ìjàpá kò ní parí kí a má sọ ohun tí ó kọ́ni. Òótọ́ ni fún àlọ́. Ẹni tí ó dá àlọ́ ti mọ ẹ̀kọ́ náà kí ó tó rán Ìjàpá jáde nílé. Ẹ̀kọ́ ni ó bí ìtàn. Ìrírí ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a fún ẹ̀kọ́ kankan, ìtumọ̀ tí a sì rí nínú rẹ̀ lónìí lè má jẹ́ èyí tí a ó rí nínú rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ó ti rí nínú lẹ́tà yìí, tí òǹkọ̀wé to ohun tí ó rí sílẹ̀ dáadáa, òǹkàwé mìíràn ní ìgbà mìíràn lè rí ohun tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò rí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù lórí ìwé, nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá gbó, ìwé náà gbó.

Ẹni tí a ń kọ̀wé sí ní ipa ńlá nínú ohun tí a ó kọ. Ìyá Crowther kò ní orúkọ nínú lẹ́tà náà, àwọn arábìnrin rẹ̀ kò sì ní. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Orúkọ Àfàlá kò ní sọ ohunkóhun fún akọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá ni, ó tó. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn tí ó dunni jù báyìí lọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ìyá náà wá a kàn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún C.M.S. Ó ní wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá òun ń gbọ̀n bí ó ti di òun lọ́wọ́ mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ tí òun rántí dáadáa pé ìyá àgbà òun máa ń pe òun.

Àwọn orúkọ wo? Kò kọ wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ irú ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀: oríkì, orúkọ àpọ́nlé, orúkọ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó gbé ọmọ pọ̀n nìkan ni ó ń pè é. Ní ojúlé tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ìbá ti dún, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kàn sọ pé orúkọ ìfẹ́ni ni ó dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Crowther yìí kan náà ni ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó ti wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown ní 1844, tí ó sì wá ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn wòlíì àti àwọn àpọ́sítélì. Fún ìyá ara rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí pé àwọn tí yóò kà á kò ní etí fún ohun tí ìyá náà sọ. Kì í ṣe láti bú u ni a fi ń sọ èyí. Ní 1846, bóyá ni ẹni mẹ́wàá wà tí ó lè ka Yorùbá bí ó bá tilẹ̀ kọ ọ́.

Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ní òǹkàwé tí òun kò ní. Nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929, ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn obìnrin kan tí ó wà láàyè. Èdè Èkó ni, orin Èkó ni, ìwà àwọn ará Èkó ni, a sì kọ ọ́ sí àwọn ará Èkó. Ẹ̀kọ́ ìrònúpìwàdà pọ̀ nínú rẹ̀ jù, òótọ́ ni, Ṣẹ̀gilọlá a sì máa sunkún ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀ kò sí ibi tí ó ti fi orúkọ pamọ́ nítorí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó sì di 1981, Wọlé Ṣóyínká kọ Aké ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí orúkọ Yorùbá inú rẹ̀. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣe ni ó dàbí ẹni pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kàn padà sílé ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní náà ní Jowett tirẹ̀. Olùyẹ̀wò ni. Òun ni ó ń wò bí ó ti ń kọ àròkọ, tí ó ń ronú ohun tí yóò wu ú. Ní Lọ́kọ́ja, àwọn ọ̀dọ́ wà nínú kíláàsì tí omi Odò Ọya lé jáde nílé ní 1912 àwọn baba ńlá wọn kọ́, bí kò ṣe ní 2012 àti ní 2022, nígbà tí odò kún bo Adankolo àti ọ̀nà Ganaja. Bí a bá fún wọn ní àròkọ ọjọ́ tí wọn kò lè gbàgbé, ọ̀pọ̀ ni kò ní kọ ọ́ rárá. Ìjàm̀bá ọkọ̀ tí wọn kò wà níbẹ̀ ni wọn yóò kọ, nítorí pé òun ni ó wà nínú ìwé ìdánwò àtijọ́. Àwọn tí ó bá kọ ọ́ yóò sọ pé omi ya wọlé, ariwo ta, gbogbo ènìyàn ké gbàjarè, ó sì kọ́ àwọn pé kí ìjọba gbẹ́ odò. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nínú ilé? Ta ni ó gbé e? Ibo ni omi dé lára ògiri, kí ni wọ́n sì rò pé ohun tí ń léfòó náà jẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí ó jẹ́? Ọfà márùn-ún wọn wà níbẹ̀, wọn kò kà á.

Ọ̀ràn èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Yàgbà, ọmọ Bùnú, ọmọ Owé ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ Yorùbá ní agbègbè yìí. Nígbà tí ìyá àgbà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ nínú àròkọ rẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó mọ́ tónítóní ni a máa ń fi sí i lẹ́nu, bí ẹni pé ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ rò pé olùyẹ̀wò kò ní gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà, tàbí pé yóò fa ìlà pupa sí i. Bí ó ti rí fún orúkọ inú ìwé Crowther nìyí, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé Crowther kò ní ẹni tí ó lè kà á, akẹ́kọ̀ọ́ sì ní. Kí àlàyé máa jẹ́ ti Yorùbá àjùmọ̀lò, bí ó ti yẹ. Kí ìyá àgbà sọ ohun tí ó sọ bí ó ti sọ ọ́.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ìlànà tí a fi ń máàkì àròkọ máa ń fi máàkì sí òwe, sí àkànlò-èdè, sí ìpínrọ̀ ìkádìí tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ó ṣòro láti fi máàkì sí i pé ènìyàn rántí dáadáa. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́gbọ́n ṣe ń há òwe mẹ́rin sórí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tí yóò wá ibi tí yóò tì wọ́n sí. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìjòyè inú lẹ́tà Crowther pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí a gba ẹṣin wò ná, kí a sì dá a padà bí kò bá wúlò. Lẹ́tà ọdún 1837 náà kò ní òwe kan tí ó dúró lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpínrọ̀ tí ó lágbára jù lọ nínú rẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lò ó kò nílò láti kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ibi ẹlẹ́dẹ̀ náà tó. Kí ó fi Yorùbá sọ ọ́ ní kíláàsì láti ibi tí ọmọ náà ti wọ inú ọkọ̀ ogun, kí ó dúró kí ó tó dé orí pátákò, kí ó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé kí ni ó so rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ti dáhùn, kí ó fún wọn ní ìwé, kí oníkálùkù kọ ohun kan tí òun náà rí kí ó tó mọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn ní kété tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.